Rìsífà Tó Bá Sípíkà Bàbá Mi Mu

Ọjọ́ tí dókítà ojú sọ fún màmá mi pé ìríran tó ti lọ kò ní padà wá mọ́, kò sunkún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó ní kí n fa òun lọ́wọ́ dìde, ó sì tún ìró rẹ̀ ró. Ìgbà tí a dé inú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà lọ sí Oǹdó ló tó yíjú sí mi.

"Fíìmù mi ńkọ́?"

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. "Fíìmù wo, mà?"

"Fíìmù tí mo máa ń wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wò ó?"

Ẹni tí kò mọ màmá mi lè rò pé ó ń ṣàwàdà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, láti ìgbà tó sì ti fẹ̀yìn tì, fíìmù Yorùbá ló rọ́pò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Lójoojúmọ́, bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á sì máa bá àwọn òṣèré wí. "Má wọlé yẹn o! Mo ní kí o má wọlé!" Bí òṣèré náà bá wọlé, á ṣe ṣìọ̀, á ní, "Ó dáa. Ojú ẹ máa já a." Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì a máa rò pé ìjà ń ṣẹlẹ̀ nílé wa.

Ohun tó wá burú ni pé etí rẹ̀ kò ní ìṣòro kankan, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó wà nílé kò ní ohùn gidi. Ẹ̀yìn ni ohùn ti ń jáde lára rẹ̀, á lọ kọlu ògiri kó tó padà sọ́dọ̀ wa, á sì tín-ín-rín bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Nígbà tó ṣì ń ríran, ojú ló fi ń ran etí lọ́wọ́. Ó ń wo ẹnu òṣèré, ó ń wo bó ṣe fajú ro, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó sọ. Nígbà tí ojú lọ, orin abẹ́ fíìmù wá bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. "Kí ló sọ?" "Ta ló wọlé?" "Ṣé ìyàwó àkọ́kọ́ nìyẹn àbí ti kejì?" Kò pé oṣù kan tó fi ní kí a pa á. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó sì ń fetí sí ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò.

Ìjókòó yẹn ni mi ò lè gbà. Mo lè gba ojú tó fọ́. Mi ò lè gba pé kí màmá mi máa fetí sí ẹ̀rọ ìlọta.

Sípíkà sì wà nílé. Méjì ni wọ́n, igi gidi ni wọ́n fi kan àpótí wọn, wọ́n ga dé ìbàdí mi. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ló rà wọ́n lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀, nígbà tí nǹkan ṣì rọ̀ṣọ̀mù. Ọdún tí bàbá mi kú ni àrá sán, tó jó ẹ̀rọ tó ń fún wọn lágbára di dúdú. Láti ìgbà náà, wọ́n kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni, pẹ̀lú aṣọ funfun tí màmá mi hun tẹ́ sí wọn lórí, àti fọ́tò ìgbéyàwó.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni bàbá mi máa ń pè tó bá fẹ́ nu wọ́n. Á yí ẹ̀yìn wọn síta, á fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Ẹẹ́rin. O rí i? Óòmù mẹ́rin ni, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Ti ọ̀pọ̀ sípíkà, mẹ́jọ ni. Èyí tó jẹ́ mẹ́rin máa ń fa iná púpọ̀ lára ẹ̀rọ tó bá gbé e. Bí ẹ̀rọ náà kò bá lágbára, á gbóná, á dákú. Tí kò bá tètè dákú, á ba sípíkà jẹ́." Mo máa ń mi orí bí ẹni pé ó yé mi. Ìgbà tí mo dàgbà ló tó yé mi.

Mo sọ ọ́ nílé lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo wá láti Àkúrẹ́ níbi tí mo ń gbé, pé mo fẹ́ ra rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń gba ohùn láti inú tẹlifíṣọ̀n, tó máa fún un lágbára, tó sì máa pín in fún sípíkà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí òun àtìyàwó rẹ̀ ń bá màmá wa gbé, fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ìwọ yìí, ṣé ara rẹ yá? Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí kan báyìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá mi. Èmi náà ń jẹ gàrí."

"Ẹni tí kò ríran lo fẹ́ ra hóòmù tíátà fún? Sípíkà yẹn gan-an ló yẹ ká tà. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ẹ."

Màmá mi, tí a rò pé ó ti sùn lórí àga, gbé orí sókè. "Ta ni yóò ta sípíkà ọkọ mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi tún mú ṣíbí rẹ̀.

"Mo ní ta ni?"

"Màámi, kò sẹ́ni tó fẹ́ tà á," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó bá mi jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì sọ̀rọ̀ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ọn, ènìyàn dáadáa ni. Òun ló ń gbé màmá wa lọ sílé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́. Ọdún yẹn le. Gbogbo nǹkan ń fò sókè lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dín wíwá mi kù. Ní Alágbàká, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀gá tó máa ń wa mọ́tò wá síbi iṣẹ́ ti ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń sọ pé dókítà ló ní káwọn máa ṣeré ìdárayá. Ẹ̀gbọ́n mi ní nínú irú ọdún báyìí, ohun tó bá ti kọjá oúnjẹ àti oògùn, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, tí a bá fún un lóúnjẹ àti oògùn nìkan, kí ló fẹ́ torí rẹ̀ máa wà láàyè?"

Ó wò mí, ó mi orí, ó sì wọlé.

Mo padà sí Àkúrẹ́, mo ta firísà mi. Ó ti pẹ́ tí iná kò ti dúró tó láti mú nǹkan tutù nínú rẹ̀, gàrí àti ẹ̀wà ni mo ń kó sínú rẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. "O ta firísà, o fẹ́ fi ra ariwo?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ariwo gidi ni mo fẹ́ rà, mi ò fẹ́ gbàrọgùdù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Aláriwo. Mo ń dá wọn lóhùn.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ lẹ́wà, gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Màdáámù, ṣé ọ̀gá ń páàkì ọkọ̀ lọ́wọ́ ni?"

"Ọ̀gá wo?"

"Bàbá. Àwọn ọkùnrin ló máa ń mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí."

"Èmi ni mo wá," ni mo wí. "Rìsífà ni mo ń wá."

Ó gbé ọ̀kan jáde nínú páálí. Ó ń dán, iná búlúù ń tàn yí bọ́tìnnì rẹ̀ ká. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí gàdàgbà-gadagba pé ó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wọ́ọ̀tì. Mo fi ọwọ́ kan gbé e. Ó fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì. Bàbá mi ti sọ fún mi pé irin ńlá kan máa ń wà nínú ẹ̀rọ tó bá lágbára, òun ló máa ń mú un wúwo. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, mo ń wá nọ́ńbà. Wọ́n kọ mẹ́jọ síbẹ̀, wọn ò kọ mẹ́rin.

"Sípíkà mi, óòmù mẹ́rin ni. Ṣé ó máa gbé e?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀ tó ń ka owó. "Ẹ gbọ́ màdáámù. Óòmù!" Ó wá sọ fún mi bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ pé, "Mà, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wọ́ọ̀tì. Á gbé ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mi ò fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀ṣì. Màá gbé sípíkà mi wá, ká dán an wò kí n tó sanwó."

"Láti ibo?"

"Oǹdó."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín tẹ̀ lé mi dé títì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọ̀kan nínú sípíkà bàbá mi kúrò ní Oǹdó. Mo fi àǹkárá dì í, mo sì sanwó ìjókòó méjì nínú bọ́ọ̀sì, nítorí awakọ̀ ní òun kò lè gbé òkú igi sórí ẹsẹ̀ èrò. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi béèrè ohun tí mo gbé. Mo sọ fún un. Ó ké sí Olúwa, ó ní, "Nínú ìyà tí a wà yìí!"

"Nínú rẹ̀ náà ni, mà," ni mo wí. "Ṣé ìyà yẹn ní kí a má gbọ́ràn ni?"

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ kòtò.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, wọ́n so wáyà mọ́ sípíkà mi. Mo ti fi fíláàṣì gbé ọ̀kan lára fíìmù màmá mi wá, ibi tí ìyàwó ilé kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń jà lábẹ́ òjò, nítorí bí òjò àti orin bá pàdé, ọ̀rọ̀ kì í yé e rárá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, ó dún gan-an. Àwọn èrò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà na ọwọ́ bí ẹni tó ti borí. Mo ní kó gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i. Ohùn ìyá ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Mo ní kó jẹ́ kó máa lọ. Ìjà náà ò tíì parí tí iná búlúù fi di pupa, tí gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ wìì.

Ó pa á, ó tàn án. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó tún kú. Mo gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀, ó gbóná bí irin ìlọṣọ.

"Sípíkà yín ti bàjẹ́," ni ọkùnrin náà wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ti ń bínú. "Nǹkan àtijọ́ ni. Ẹ gbé e sọ nù, kí ẹ ra ti ìsinsìnyí. Ẹ má fi ba ọjà wa jẹ́."

Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni sípíkà yẹn ti dúró láìsọ̀rọ̀. Mo rò ó pé màá gbé e padà, tí ẹ̀gbọ́n mi á sì wò mí láìsọ nǹkan kan. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ ọkùnrin náà bó ṣe ń fa wáyà yọ lára ohun ìní bàbá mi bí ẹni ń fa koríko tu, ìtìjú náà sì di ìbínú.

"Fi sílẹ̀," ni mo wí. "Èmi ni màá tú u."

Mo tú u, mo di àǹkárá mi padà, mo sì gbé sípíkà náà mọ́ àyà jáde. Ó wúwo. Mi ò lọ jìnnà. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní òdìkejì títì tí kò ní gíláàsì, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kún ibẹ̀ dé àjà. Ìyá àgbà kan jókòó síwájú rẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ọkọ òun ló ni iṣẹ́ náà, pé nígbà tí ọkọ òun kú, àwọn àna òun ní kí òun ta gbogbo rẹ̀ kí òun lọ máa ta ata, òun sì sọ fún wọn pé òun kò mọ ata tà.

"Mo ti ń wò ọ́ láti àárọ̀," ni ìyá náà wí. "Óòmù mélòó ni?"

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. "Mẹ́rin, mà."

"Mo mọ̀. Gbé e wọlé."

Ó tọ́ka sí ẹ̀rọ dúdú kan lábẹ́ tábìlì, ó ní kí n gbé e fúnra mi. Ìgbà àkọ́kọ́, kò dìde nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti họ, bọ́tìnnì kan ti yọ, kò sì ní rìmóòtù. Ìyá náà kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. "Ojú ihò márùn-ún tí wọ́n ń so sípíkà mọ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú èyí tó wà fún sípíkà ẹ̀yìn yàrá ti kú, mi ò sì ní í purọ́ fún ọ. Mélòó lo fẹ́ lò?"

"Méjì ni sípíkà mi, mà."

"Fíìmù lo fẹ́ fi wò?"

"Fíìmù ni màmá mi fẹ́ fi gbọ́."

Ìyá náà dìde. Ó nawọ́ sórí pẹpẹ, ó mú sípíkà gbọọrọ kan wá, ó nu eruku ara rẹ̀. "Wàá lo mẹ́ta nìyẹn. Àárín ni wàá gbé èyí sí, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré máa gbà jáde, kí orin àti òjò lè máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Bọ́tìnnì kan wà tó máa gbé ti àárín nìkan sókè. Bí o bá délé, fi ojú ẹ̀ kọ ibi tó máa ń jókòó."

Ó so sípíkà bàbá mi mọ́ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ̀gúsí ṣì lẹ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀kan náà, mo gbọ́ òjò. Mo gbọ́ ibi tó ti ń bọ́ sórí páànù àti ibi tó ti ń bọ́ sínú bàsíà. Ìyá ọkọ sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ mímí tó mí kó tó bú ìyàwó. Ó gbé ohùn sókè títí. Kò ha. A jẹ́ kó lọ títí ìjà náà fi parí, títí wọ́n fi bára wọn rẹ́. Ìyá náà ní kí n gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin onígíláàsì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní òdìkejì. "Màdáámù, nǹkan àtijọ́ lẹ fẹ́ rà yẹn o!" ló ké.

"Èmi náà kì í ṣe tuntun!" ni mo ké padà.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Gbé e lọ ulé," ló wí, pẹ̀lú ahọ́n Àkúrẹ́ rẹ̀. "Bó bá dákú, gbé e padà wá bá mi."

Kò dákú. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní Oǹdó, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí iná wà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Mo gbé sípíkà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, mo gbé ti àárín sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó sórí àga màmá mi láti gbọ́ bó ṣe máa dé etí rẹ̀. Mo gbé ohùn àárín sókè ní ìwọ̀n díẹ̀. Mo wá fa màmá mi lọ́wọ́ wá.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kùn kan ṣí lápá òsì nínú fíìmù náà, màmá mi sì yí orí sápá òsì. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ ibi tó sùn. Màmá mi tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Irọ́ ló ń pa."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?" ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Ó gbé itọ́ mì kó tó dáhùn. Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ?"

A ò gbọ́ ọ. Àwa tí ojú wa là ń wo agbádá bàbá náà. Ẹ̀gbọ́n mi wá sí iwájú, ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ màmá wa, ó sì wò ó títí tó fi parí. Kò sọ fún mi láé pé mo ṣe dáadáa. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni pé, "Ohùn ẹ̀ ti pọ̀ jù." Màmá wa dá a lóhùn pé bí etí bá ń dùn ún, kó lọ jókòó síta.

Àwọn obìnrin ìjọ wá kí i lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ohùn ìkẹ́dùn tí wọ́n máa ń gbé wọ ilé aláìsàn. Wọ́n bá a níbi tó ti ń gbọ́ fíìmù. Olórí wọn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá, Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Ẹ ṣé," ni màmá mi wí. "Ẹ jókòó, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n fẹ́ dájọ́."

Wọ́n jókòó, wọ́n sì dákẹ́. Mo gbọ́ pé ẹni méjì nínú wọn máa ń wá lọ́sàn-án ọjọ́rú láti ìgbà náà, láìgbé ohùn ìkẹ́dùn kankan wá.

Rìsífà náà kò ní rìmóòtù, nítorí náà, ẹnì kan ní láti máa bá màmá mi yí ohùn rẹ̀. Mo so òwú pupa mọ́ ara bọ́tìnnì rẹ̀, mo ní kí àwọn ará ilé máa wo ibi tí òwú náà bá kọjú sí. Nígbà tí mo tún wá, mo bá òwú náà nílẹ̀. Màmá mi ti já a. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó dìde lórí àga, ó fi ọwọ́ tọ ògiri dé ibi tẹlifíṣọ̀n, ó rìn kọjá sípíkà àkọ́kọ́, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ̀rọ dúdú náà. Ó wá bọ́tìnnì títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á. Ó yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń kà á lábẹ́ ẹnu bó ṣe ń dún tẹ́, tẹ́, tẹ́ lábẹ́ ìka rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó fẹ́, ó tún yí i ní ẹ̀ẹ̀kan sí i.